Iná, Eérú àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Nílẹ̀ Ẹ̀gbá

Odò Ògùn ló ya Láfẹ́nwá sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù Abẹ́òkúta, afárá ló sì so wọ́n pọ̀. Ní òdìkejì odò lọ́hùn-ún ni ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ wà, pẹ̀lú ọjà, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó ń kérò lọ sí Ayétòrò. Ariwo kì í tán níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé kò sí iṣẹ́ tí kò ní iná tirẹ̀: ẹni tó ń sun awọ màlúù di pọ̀nmọ́ ní iná, ẹni tó ń jó irin pọ̀ ní iná, ìyá tó ń dín àkàrà fún àwọn awakọ̀ ní iná, jẹnẹrétọ̀ sì ń bú ramúramù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lọ ata. Ọ̀rọ̀ irú iná wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jẹun nídìí wọn.

Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni Láfẹ́nwá ti di ẹnu ọ̀nà fún ọjà ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Kòkó àti èkùrọ́ ń gba ibẹ̀ lọ sí Èkó. Ìdì aṣọ funfun láti Manchester ń gba ibẹ̀ wọlé, aró òyìnbó inú agolo tẹ̀lé e, sódà náà tẹ̀lé e. Ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ iṣẹ́ iná ni. Èédú tí wọ́n ń wà ní Enugu láti ọdún 1915 ló wá ń gbé e rìn. Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé kíkó èédú sẹ́nu iná ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀. Ẹlòmíràn ń bu omi sínú ẹ́ńjìnì. Ẹlòmíràn ń kó eérú dànù. Nígbà tí ẹ́ńjìnì onídísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kankan tó dárúkọ wọn. Ó kan àwọn awakùsà Enugu náà lára, torí rélùwéè wà lára àwọn oníbàárà wọn tó tóbi jù lọ. Iná ló yí padà, àwọn ènìyàn ìdí rẹ̀ sì tú ká.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn iṣẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá nìyí: iye ọwọ́ tí ohun ìdáná bá gbà kọjá kó tó dé ààrò ló ń sọ iye ènìyàn tí yóò jẹun nídìí iná náà. Igi tó ti ọwọ́ agégi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rù ú, tó tún dé ọwọ́ ìyá tó ń tà á lẹ́bàá títì, ti bọ́ ilé mẹ́ta kó tó jó. Gáàsì inú páìpù kì í bọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ igi ń tán nínú igbó, èéfín rẹ̀ sì ń ba ojú àti àyà ẹni tó ń dáná jẹ́. Gáàsì mọ́ jù ú lọ dáadáa. Òfin àyíká tó bá fẹ́ ṣe déédéé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lọ lójú mi ni ìdí aró. Iṣẹ́ obìnrin ni aró rírẹ nílẹ̀ Yorùbá, abẹ́ ààbò Ìyá Màpó ni àwọn àgbà sì fi í sí. Ní Abẹ́òkúta, orúkọ Ìtòkú àti Kẹ́mta ló là jù nídìí rẹ̀, wọ́n sì máa ń dárúkọ Ìyálóde Jójọlá ti Kẹ́mta láàárín àwọn tó gbé e lárugẹ. Àdìrẹ oníko wà, tí wọ́n ń fi ìko so kókó-kókó. Alábẹ́rẹ́ wà, tí wọ́n ń fi okùn rán kó tó wọ aró. Ẹlẹ́kọ wà, tí wọ́n ń se láfún bí ẹ̀kọ, tí wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ, tàbí kí wọ́n tẹ páànù tí wọ́n ti gé ní bátànì lé aṣọ lórí, kí wọ́n sì fi ẹ̀kọ náà gba ojú rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ló mọ ti páànù yìí jù, ọwọ́ ọkùnrin ni gígé rẹ̀ sì sábà máa ń wà. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní dé ibẹ̀. Funfun ni yóò jẹ́ nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká wo ìkòkò aró àtijọ́ dáadáa, torí inú eérú ni ẹwà iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé lé ara wọn. Ti òkè lu nídìí. Wọ́n á fi igi wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ kí eérú má baà jò, wọ́n á wá da eérú kún un. Eérú ìdí ààrò oúnjẹ kò tó fún un. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé igi ni wọ́n ń sun, nítorí eérú nìkan, wọ́n á sì gbé e wá tà fún aláró. Wọ́n á bu omi lé eérú náà lórí. Omi á máa rìn wọ inú rẹ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa kán tó, tó, tó, sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Èyí tó bá kán sílẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Aláró á fi ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti mú tó. Kò sí ìwọ̀n mìíràn. Inú omi yìí ni wọ́n ń kó ẹlú sí, ewé tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ti ṣù, tí wọ́n ti sá gbẹ. Á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo agbo ilé. Aṣọ tí wọ́n bá tì bọ inú rẹ̀ kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ ní. Nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni àwọ̀ náà ń ṣí lójú ẹni, láti etí aṣọ lọ sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di búlúù. Wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún sá a, ó di kó dúdú kó máa dán.

Ka àwọn tó wà nídìí aṣọ kan ṣoṣo yìí. Ẹni tó ká ewé ẹlú, ẹni tó gún un, ẹni tó gégi, ẹni tó sun eérú, amọ̀kòkò, ẹni tó ta láfún, ẹni tó gé páànù, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ tó ń pọn omi, aláró fúnra rẹ̀, ẹni tó lu aṣọ kó dán, alájàpá tó gbé e dé Láfẹ́nwá. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò ń wá láti Senegal àti Gold Coast wá rà á ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ńlá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ògiri ilé iṣẹ́, kò sì ní ìwé owó oṣù.

Ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF nílẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Sódà (caustic soda) ló tẹ̀lé e. Ẹ rò ó wò: omi eérú tí ń kán fún ọjọ́ gbọọrọ, tí igi rẹpẹtẹ ti jó nítorí rẹ̀, síbí sódà kan ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láàárín wákàtí. Ẹlú tó ní láti hó kó tó pọ́n, agolo ló ń jáde wá. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé wá dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, tí aṣọ ò tà, tí owó ò sí, aláró tó fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ rẹ aṣọ púpọ̀ kó sì rẹ ẹ́ kíákíá. Sódà ló gbà á là. Òun kan náà ló já okùn mọ́ àwọn tó ń sun eérú àti àwọn tó ń ká ewé lọ́wọ́.

Ní Abẹ́òkúta, Alákè Adémọ́lá Kejì, pẹ̀lú ìjọba àwọn òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀, ka sódà àti aró agolo léèwọ̀. Wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́, ó ń jẹ òwú, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, àwọn oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè sì ń ráhùn, orúkọ àdìrẹ Ẹ̀gbá ń bàjẹ́. Lọ́dún 1936 àwọn aláró dìde. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní àwọn mọ iṣẹ́ àwọn, àti pé ẹni tó bá ní kí àwọn padà sídìí eérú gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àwọn yóò ti rí owó igi.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn, n kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ Alákè kò ní ìtumọ̀. Ọjà tó bá ti lórúkọ, orúkọ náà ló ń tà á. Bí àwọ̀ bá ń ṣí, gbogbo aláró ni yóò jẹ ìyà rẹ̀, ẹni tó lo sódà níwọ̀n àti ẹni tó dà á bó ṣe wù ú. Ibi tí òfin náà ti kùnà ni pé inú ìkòkò nìkan ló wò. Kò wo obìnrin tó dúró tì í, kò ka gbèsè aṣọ funfun tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò, kò sì fún un ní nǹkan kan dípò ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn sódà tí kò fi ní jẹ òwú. Wọ́n ní kó má lò ó mọ́, ó parí. Sódà ò sì kúrò ní Ìtòkú títí di òní. Ìgboyà àwọn obìnrin náà ló yẹ ká yìn. Kò pé ọdún méjìlá lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tún dìde, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló ṣáájú wọn, nítorí owó orí. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì le débi pé Alákè kan náà fi ìlú sílẹ̀ lọ́dún 1948. Àwọn tó ti dìde nítorí sódà ti mọ ọ̀nà ààfin kí ti owó orí tó dé.

Ẹni tó bá dé Ìtòkú lónìí yóò rí i pé àdìrẹ ti yí padà, kò sì kú. Àbẹ́là ló gbapò ẹ̀kọ níbi púpọ̀. Wọ́n á yọ́ àbẹ́là nínú ìkòkò, wọ́n á fi fóòmù tí wọ́n gé ní bátànì tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, wọ́n á sì rẹ ẹ́ nínú aró tí sódà àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní haidíróòsì wà nínú rẹ̀. Aláró á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá. Iṣẹ́ tó wù mí jù láti wò ni yíyọ àbẹ́là náà kúrò. Dúrọ́ọ̀mù ńlá ló wà lórí igi tó ń jó, omi inú rẹ̀ ń hó kutukutu. Obìnrin náà á ti aṣọ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, á yí i po, á fà á sókè, á tún tì í padà. Àbẹ́là á yọ́ kúrò lára aṣọ, á léfòó sójú omi. Nígbà tí omi bá tutù, á dì, obìnrin náà á sì bu ú kúrò, á gbé e pamọ́ láti tún un yọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Kò sí ohun tó ṣòfò nínú rẹ̀ àfi omi àti igi. Mo rò ó pé ẹni tó ń ṣe ìwé ètò nípa àtúnlò ohun èlò l'Ábújá ì bá ti wá jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sán kan.

Omi àti igi tí mo sọ yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Omi aró tí wọ́n ti lò tán ní láti lọ síbì kan, ojú gọ́tà ló sì sábà máa ń gbà. Abẹ́òkúta jẹ́ ìlú orí òkúta, omi òjò rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ṣàn dé odò Ògùn. Orílẹ̀-èdè wa kò ṣàìní òfin lórí èyí. Lẹ́yìn tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko lọ́dún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àyíká. NESREA gbapò rẹ̀ lọ́dún 2007, ó sì gbé ìlànà jáde lọ́dún 2009 fún àwọn tó ń ṣe aṣọ àti awọ. Ìlànà tó dára ni. Ẹni tó kọ ọ́ ń fojú inú wo ilé iṣẹ́ tó ní géètì, tó ní páìpù kan tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde, tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè dúró sí ẹnu rẹ̀ kó bu omi wò. Ta ni yóò dúró sẹ́nu gọ́tà Ìtòkú, kó sọ pé omi ti ilé wo nìyí?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tirupur, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìlú aṣọ ni, bíi ti wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn fi púpọ̀ tóbi ju tiwa lọ. Omi aró wọn pa odò Noyyal débi pé àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Gíga Madras ní kí gbogbo ilé aró ibẹ̀ tì pa, wọ́n sì lé ní 700. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àìmọye òṣìṣẹ́ ò níṣẹ́ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ ò jẹ̀bi. Omi wọn ló bàjẹ́. Àwọn ilé aró tó tún ṣí lẹ́yìn náà ní láti máa da omi wọn sínú ibi ìfọ̀mọ́ àjùmọ̀lò, níbi tí wọ́n ti ń yọ iyọ̀ àti aró kúrò tí wọ́n sì ń lo omi náà padà. Owó kékeré kọ́ ló ná wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n dúró di ìgbà tí adájọ́ pàṣẹ. Ìtòkú kò tíì tóbi tó Tirupur, ìyẹn gan-an ló fi yẹ kó yá wa: ibi ìfọ̀mọ́ kan tí aláró mẹ́wàá tàbí ogún lè jọ máa lò kò kọjá agbára ìpínlẹ̀ tó ń fi àdìrẹ ṣe àmì ara rẹ̀ níbi gbogbo.

Ká kúrò nídìí aró wàyí, ká tẹ̀lé ojú irin láti Láfẹ́nwá sí ìhà gúúsù. Ó ń gba Ìtọ́rì, ó ń gba Pápálantó, agbègbè ibẹ̀ náà ni Ewékorò wà. Abẹ́ ilẹ̀ Ewékorò kún fún òkúta ẹfun. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà pe ìpele òkúta ọ̀hún. Ìsàlẹ̀ òkun ni ibẹ̀ wà ní ohun tó ju mílíọ̀nù 55 ọdún lọ sẹ́yìn, ìdí nìyí tí karawun àwọn ẹ̀dá òkun fi wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1960, ọdún òmìnira gan-an, ni ilé iṣẹ́ WAPCO bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì elérin tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi kọ́lé. Mélòó nínú ilé alájà tó wà láti Ìjàyè títí dé Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni kò ní erin yìí nínú ògiri rẹ̀?

Ọ̀nà olómi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lọ òkúta ẹfun àti amọ̀ pọ̀ mọ́ omi títí yóò fi ki, wọ́n á wá dà á sínú ààrò gbọọrọ tó ń yí, tí iná inú rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bíi 1,450 lórí ìwọ̀n Celsius. Kí òkúta tó lè jó, gbogbo omi yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó gbẹ. Iná púpọ̀ ló ń bá omi lọ. Lọ́dún 2003 ni ẹ̀rọ tuntun dé, tó ń lọ òkúta náà ní gbígbẹ, tó sì ń fi ooru tó ń jáde látinú ààrò yan òkúta tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lọ́dún 2011, òmíràn tún dé tí agbára rẹ̀ tó mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọ̀nà gbígbẹ kì í jẹ ju nǹkan bí ìdajì lọ, tàbí díẹ̀ lé ní ìdajì, nínú iná tí ọ̀nà olómi ń jẹ. Eruku tó ń bo páànù ilé àti ewé oko ní àyíká ibẹ̀, tí àwọn olùwádìí ti kọ̀wé lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ tuntun ní ohun tó fi ń gbà á mú ju ti àtijọ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yàrá kan tí ènìyàn díẹ̀ jókòó sí níwájú kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì pọ̀ sí i, ọwọ́ tó ń ṣe tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan dín kù.

Ibi tí iná ti padà bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn ní Ewékorò ni ìdí èèpo èkùrọ́. Sìmẹ́ǹtì ṣíṣe ló ń tú nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, ó sì lé ní ìdajì nínú ti sìmẹ́ǹtì yìí tó jẹ́ pé inú òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde, ohun yòówù kí wọ́n fi dáná. Ibi tí wọ́n ti lè dín in kù kíákíá ni ohun ìdáná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń da èèpo èkùrọ́ àti irú ìdọ̀tí oko bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ gáàsì. Gáàsì páìpù ló ń gbà wá. Èèpo èkùrọ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní ẹbu ní ìletò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pa èkùrọ́ tí wọ́n sì ń kó èèpo rẹ̀ jọ gegele lẹ́yìn ilé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ rà á, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dì í, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ènìyàn nínú ọgbà ilé iṣẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń padà wá ní ẹ̀yìn ọgbà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sí nínú ìròyìn ọdọọdún tí wọ́n ń kọ fún àwọn onípìn-ín, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà ti ń jiyàn lórí bóyá òfin àyíká máa ń pa iṣẹ́. Michael Greenstone ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2002 pé láàárín 1972 sí 1987, àwọn agbègbè tí òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ le mọ́ jù pàdánù iṣẹ́ tó tó 590,000 bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kò le mọ́. Lọ́dún kan náà, Morgenstern àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ilé iṣẹ́ ìwé, ike, epo àti irin, wọn ò sì rí i pé owó tí wọ́n ná lórí ìmọ́tótó dín iṣẹ́ kù ní pàtó. Níbòmíràn ó tiẹ̀ fi kún un. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, nítorí iṣẹ́ tó kúrò ní agbègbè kan lè dé agbègbè mìíràn. Iṣẹ́ Reed Walker ti ọdún 2013 ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ló tọ̀ lẹ́yìn, ó sì rí i pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń pàdánù owó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà bó bá rí iṣẹ́ mìíràn. Orí àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ẹrù náà ń gùn, nígbà tí gbogbo ìlú jọ ń mí afẹ́fẹ́ tó mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, òfin àyíká kọ́ ló tíì pa iṣẹ́ jù. Owó iná ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kàdúná tì pa lọ́dún 2007, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ relé, epo dúdú tó wọ́n gógó wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ, pẹ̀lú aṣọ fàyàwọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná mànàmáná àwọn oníbàárà tó wà ní Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù lọ, fò láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí èyí ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ń rán àdìrẹ, kò sí ẹni tí kò rí i. Áyọ́ọ̀nù oníná á wọlé sẹ́yìn, áyọ́ọ̀nù eléèédú á jáde. Aláró tó ti ń fojú sí ààrò gáàsì á padà sídìí igi. Nípa báyìí, ètò ọrọ̀ ajé kan ń ba ètò àyíká jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, igbó sì ń san owó tí ìwé iná ò lè gbà. Lórí èyí ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí láti Ṣáínà tún wá ń tà ní ẹ̀dínwó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ń pariwo lé e lórí, wọ́n sì ń bá aláró wá ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ìfẹ́ mi ni pé kí wọ́n fi ojú kan náà wo ìdí dúrọ́ọ̀mù.

Nítorí ààrò tó ń fi igi díẹ̀ ṣe ooru púpọ̀ wà. Àwọn alágbẹ̀dẹ Láfẹ́nwá lè rọ ọ́ láti ara irin àlòkù, bí ẹnìkan bá fún wọn ní àpẹẹrẹ àti owó ìbẹ̀rẹ̀. Bátànì ọ̀hún ò le ju èyí tí wọ́n ń rọ lójoojúmọ́ lọ. Iṣẹ́ tuntun nìyẹn fún alágbẹ̀dẹ, èéfín yóò dín lójú aláró, owó igi rẹ̀ yóò sì dín kù. Ẹnìkan ṣì wà tí yóò pàdánù: ìyá tó ń ti ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá gbé igi wá sí ìgboro. Kò sí nínú ẹgbẹ́ aláró, kò sí nínú ìwé NESREA, kò sì sẹ́ni tó ń pè é sí ìpàdé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètò iná. Bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ kí igi dín kù ní Ìtòkú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n bi í léèrè iye tó ń pa lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi í sínú ètò náà kí ààrò àkọ́kọ́ tó dé.